Kí ni "gbàrọgùdù" gan-an?

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ kú ilé o. Mo ra léèsì fún ìgbéyàwó àbúrò ọkọ mi. Ìyá ọkọ mi fọwọ́ kàn án, wọ́n ní, "Gbàrọgùdù rèé." Ó dùn mí, torí ẹni tó tà á kò pè é ní léèsì Austria fún mi, owó rẹ̀ náà ò sì wọ́n. Ṣé ayédèrú ni wọ́n ń sọ ni? Láàárín ẹgbẹ́ tèmi, "féèkì" tàbí "ṣinkó" là ń pe irú ẹ̀.

Ọmọ Ìbàdàn: Féèkì náà ni. Ṣé ẹ rántí ìgbà tí Dora Akunyili ń darí NAFDAC, àjọ tó ń ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn, láti 2001? "Oògùn gbàrọgùdù" ò kúrò lẹ́nu àwọn oníròyìn.

Ìyá Aláṣọ: Ọmọ Ìbàdàn, rọra. Mo ti ń ta aṣọ lọ́jà Gbági n'Ìbàdàn kí wọ́n tó kó wa lọ sí Gbági Tuntun. Irọ́ ló wà nídìí ayédèrú: owó ayédèrú, ìwé ẹ̀rí ayédèrú. Lustenau, ìlú kan ní Austria, ni wọ́n ti ń ṣe léèsì Austria. Tẹ́nì kan bá wá lẹ orúkọ yẹn mọ́ aṣọ ibòmíì, ayédèrú nìyẹn. Lọ́jà tiwa, gbàrọgùdù lè má parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kò kàn dójú ìwọ̀n ni. Àwọn oníròyìn ló pa méjèèjì pọ̀.

Àbẹ̀kẹ́, yí léèsì yẹn sódì. Ṣé òwú ẹ̀yìn rẹ̀ rí wúruwùru bí irùngbọ̀n òbúkọ? Nà án sí oòrùn, kó o wò ó bóyá àwọn ihò rẹ̀ dọ́gba. Rẹ etí rẹ̀ sómi: bí omi bá yí àwọ̀, ìyá ọkọ rẹ ò purọ́ mọ́ ọ.

Ọmọ Ìbàdàn: Ẹ ṣeun, Mà. Télọ̀ tí kò ká etí aṣọ ńkọ́? Gbàrọgùdù lòun náà?

Ìyá Aláṣọ: Rárá o. Iṣẹ́ jákujàku nìyẹn. Ọjà là ń pè ní gbàrọgùdù. Ọmọ tó bá sì gba 20 nínú 100 nílé ìwé, olódo ni wọ́n máa pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gba òdo!

Àbẹ̀kẹ́: Mo ti yí i sódì, Mà. Òwú rẹ̀ ń já lóòótọ́. Omi ò yí àwọ̀ ṣá.

Ìyá Aláṣọ: Ó ṣì wúlò nìyẹn. Fi rán ìró àti bùbá, má fi rán gáwùn, torí ibi tí wọ́n bá ti gé e lá máa tú. Má sì jẹ́ kí omi gbóná kàn án.