Owó ìrìnàjò ọdún kan káàkiri ayé

Ará Mọ́kọ́lá: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó fẹ́ fi odidi ọdún kan rin ayé láti Ìbàdàn, kí ló máa jẹ ẹ́ lówó jù?

Ará Bódìjà: Ẹ má fojú kéré físà. Ti Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó ń lo físà kan náà, jẹ́ Yúrò 90 fún àgbàlagbà láti oṣù kẹfà 2024, bí wọ́n bá sì kọ̀ ọ́, owó náà ti lọ nìyẹn. Ìbánigbófò ìrìnàjò (insurance) tó lè san Yúrò 30,000, ó kéré tán, wà lọ́tọ̀. Ọjọ́ 90 péré láàárín ọjọ́ 180 ni wọ́n sì ń fúnni.

Ará Ọ̀jẹ́: Ẹ fi tòsí bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́! Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà kò gba físà lọ́wọ́ wa fún ọjọ́ 90. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú dání, kí ẹ sì rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ìwé ìrìnnà yín. Ẹ ṣọ́ra fún Sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò: Yúrò ni wọ́n so ó mọ́, 655.957 sí Yúrò kan. Bí náírà bá ṣubú sí Yúrò, oúnjẹ Kùtọnu ti gbówó lórí fún yín nìyẹn, bí iye tí wọ́n ń tà á kò tilẹ̀ yí padà.

Ará Bódìjà: Òótọ́ ni. Ẹ gba yàrá olóṣù níbi tẹ́ ẹ bá dé, kí ẹ sì pẹ́ níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò. Owó ọkọ̀ yóò dínkù gan-an.