Ṣé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbógun ti àrùn lè sọ ibi tí jẹjẹrẹ ẹnu ń lọ?

Adùnní: Ẹ kú ìjókòó o. Wọ́n gé kókó jẹjẹrẹ kúrò ní ahọ́n bàbá mi, ìwé àyẹ̀wò sì sọ pé sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń gbógun ti àrùn pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣé ìròyìn ayọ̀ ni?

Oníṣègùn Eyín: Ẹ kú ìtọ́jú bàbá, mà. Lápapọ̀, ó dára, pàápàá tó bá jẹ́ irú tí à ń pè ní CD8, nítorí pé àwọn wọ̀nyí gan-an ló ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, ọ̀pọ̀ ìwádìí sì ti fi hàn pé àwọn aláìsàn tí CD8 pọ̀ nínú kókó wọn sábà máa ń pẹ́ láyé ju àwọn tí tiwọn kò tó nǹkan lọ. Ibi tí wọ́n wà náà ṣe pàtàkì: ọmọ ogun tó dúró sẹ́yìn odi kò lè jà bí èyí tó ti wọlé.

Akínwálé: Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe rere o. Àwọn macrophage (irú sẹ́ẹ̀lì funfun mìíràn) tó ní àmì CD163 a máa ran jẹjẹrẹ lọ́wọ́ láti dàgbà.

Adùnní: Ṣé bàbá lè fi ìtọ́jú onítànṣán sílẹ̀ nítorí èyí?

Oníṣègùn Eyín: Rárá o, mà. Bí kókó ṣe tóbi tó, bó ṣe wọnú ẹran tó, àti bóyá ó ti ràn dé ọrùn tàbí ibòmíràn nínú ara ni ìlànà TNM, tí àwọn dókítà fi ń mọ ibi tí jẹjẹrẹ dé kí wọ́n tó yan ìtọ́jú, ń wò. Kò tíì ka sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí mọ́ ọn.