Fífi ìkọ́ sára bọ́kẹ́ẹ̀tì lódà katakata: ibo ni kí a jó o mọ́?

Àgbẹ̀ Alábàtà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Oko ẹ̀gẹ́ ni mo ń dá ní ọ̀nà Alábàtà níhìn-ín ní Abẹ́òkúta, ẹni tí ó bá sì mọ ilẹ̀ wa mọ̀ pé kò sí ibi tí ènìyàn yóò gbé ọkọ́ lé tí kò ní kan òkúta. Mo ní katakata kékeré kan tí ó ní lódà níwájú, ìyẹn apá irin méjì tí ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sókè. Kíkó yẹ̀pẹ̀ ni mo torí rẹ̀ rà á, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ń ṣe jù báyìí ni gbígbé nǹkan sókè: òkúta tí a hú nínú oko, dúrọ́ọ̀mù omi, àti ẹ́ńjìnnì tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́ nígbà tí ó bá di dandan kí a gbé e lọ fún àtúnṣe.

Títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a kàn máa ń wé ṣéènì mọ́ etí òkè bọ́kẹ́ẹ̀tì náà ni. Ní ọjọ́ Ẹtì, a so òkúta kan mọ́ ọn, a gbé e kúrò nílẹ̀ dé ìwọ̀n orúnkún, ni ṣéènì bá yọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Òkúta náà já sílẹ̀ sí ibi tí ọmọ iṣẹ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò. Kò sí ẹni tí ó fara pa, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n etí bọ́kẹ́ẹ̀tì náà ti wọnú bí ẹnu ìkòkò tí wọ́n fọwọ́ tẹ̀ nígbà tí amọ̀ rẹ̀ kò tíì gbẹ, ọkàn mi kò sì tíì balẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Mo fẹ́ fi ìkọ́ sí i kí ṣéènì lè ní ibi gidi tí yóò dì mú. Ọ̀kan ṣoṣo ní àárín ni mo ní lọ́kàn. Wẹ́dà kan nítòsí wa ní òun lè tẹ ọ̀pá irin ìkọ́lé mílímítà 16, kí òun sì jó o mọ́ ọn láàárín wákàtí kan. Ṣé ìyẹn tó? Ibo gan-an ni ó yẹ kí ìkọ́ wà, mélòó ni, ṣé kí a jó o ni tàbí kí a fi bóòtù dè é?

Wẹ́dà Láfẹ́ńwá

Ẹ kú ewu, ẹ̀gbọ́n. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀pá irin ìkọ́lé ṣe ìkọ́ fún yín. Inú kọnkéré ni ipò rẹ̀, a kò ṣe é láti fi ẹrù kọ́. Kábọ́ọ̀nù máa ń pọ̀ nínú èyí tí ó pọ̀ jù lára rẹ̀, iná wẹ́dà a sì sọ ẹ̀gbẹ́ ojú ìjó di líle tí kò ṣeé tẹ̀ mọ́, yóò dúró dáadáa fún ìgbà díẹ̀, lọ́jọ́ kan yóò dá pàkà láìkọ́kọ́ tẹ̀, láìsí àmì kankan tí ojú lè rí. Ìkọ́ tí ilé iṣẹ́ rọ, tí wọ́n ṣe fún jíjó mọ́ irin, tí wọ́n sì tẹ ìwọ̀n ẹrù rẹ̀ sí i lára, ni kí ẹ rà. Ẹ yẹra fún èyí tí wọ́n fi síǹkì bò, nítorí èéfín síǹkì a máa dá ibà àti òtútù sára ẹni tí ó ń jó o.

Ohun tí ó ká mi lára jù ni etí bọ́kẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Bí ìkọ́ náà bá lè gbé erin, tí ó sì jẹ́ pé irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni a jó o mọ́, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà ni yóò fà ya. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ tún etí náà nà, kí ẹ jó irin pẹlẹbẹ tí ó nípọn tó mílímítà 10 mọ́ ọn, tí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15 ní ìbú àti ní òró, kí ẹ fá igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin roboto, nítorí pé ibi igun ṣóńṣó ni irin ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í là. Orí irin pẹlẹbẹ yìí ni ìkọ́ yóò wà. Ẹ fi méjì sí i, ọ̀kan ní ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀kan ní ọwọ́ òsì, ní ọ̀gangan ibi tí apá lódà ti di bọ́kẹ́ẹ̀tì mú. Ẹ fi àárín sílẹ̀. Ẹ má sì jó ohunkóhun mọ́ ètè ìsàlẹ̀ tí ń gé ilẹ̀, irin líle ni, kì í fẹ́ iná.

Ní ti jíjó rẹ̀, ẹ fá ọ̀dà àti ìpẹtà kúrò títí irin yóò fi funfun. Electrode (ọ̀pá tí a fi ń jó irin) 7018 ni kí wẹ́dà lò, kì í ṣe 6013 tí a fi ń jó géètì àti wíńdò, ó sì gbọ́dọ̀ gbẹ, nítorí ọ̀rinrin inú rẹ̀ ni ó máa ń wọ inú ojú ìjó tí ó sì ń là á lẹ́yìn tí ó bá tutù tán. Ẹ yọ bátìrì, ẹ yọ wáyà ọ́tánétọ̀ pẹ̀lú. Ara bọ́kẹ́ẹ̀tì gan-an, nítòsí ibi tí a ti ń jó, ni kí ẹ fi wáyà áàtì, èyí tí iná wẹ́dà ń gbà padà, há, nítorí bí ẹ bá fi há ara katakata, àárín píìnì àti jáàkì apá lódà ni iná yóò gbà kọjá, yóò sì jó ojú wọn. Nígbà tí ó bá parí, ẹ jẹ́ kí ó tutù fúnra rẹ̀. Mo ti rí ọmọ iṣẹ́ kan tí ó da omi sí i kí ó lè tètè lọ. Ó dún ṣíì, kí a sì tó pa jẹnẹrétọ̀, ìlà tín-ín-rín kan bí irun orí ti hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìjó náà.

Mẹkáníìkì Ọbáńtokò

Òótọ́ ni gbogbo ohun tí wẹ́dà wa sọ nípa irin, ṣùgbọ́n èrò mi yàtọ̀ sí tirẹ̀ lórí àárín. Bí ó bá jẹ́ méjì nìkan ni ó wà ní ẹ̀gbẹ́, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹnì kan yóò fi ìkánjú so ẹrù mọ́ ẹyọ kan, apá kan lódà ni yóò sì ru gbogbo rẹ̀, tí yóò lọ́ pọ̀ mọ́ ìkejì. Ìkọ́ àárín wúlò fún ẹrù tí ó ní ibi ìsomọ́ kan ṣoṣo. Kí a má kàn jó o mọ́ etí lásán ni. Kí a lo irin oníhà mẹ́ta tí a ń pè ní channel, kí ó gùn láti ọ̀gangan apá kan dé èkejì, kí ìkọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ jókòó lé e.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ ìwúwo òkúta tí ó já yẹn? Irú òkúta tí Olúmọ jẹ́ yìí, bí ó bá jẹ́ mítà kan ní gígùn, mítà kan ní ìbú àti mítà kan ní gíga, yóò wúwo tó nǹkan bíi kílò 2,700. Èyí tí ó rí roboto, tí ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 80 láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, yóò ju kílò 700 lọ. Dúrọ́ọ̀mù omi lítà 200 kò ju díẹ̀ lọ lórí kílò 200. Ẹ wo ìwé katakata yín, kí ẹ sì ṣàkíyèsí pé iye tí wọ́n kọ síbẹ̀, ibi píìnì tí ó di bọ́kẹ́ẹ̀tì mú ni wọ́n sábà máa ń wọ̀n ọ́n sí, bí ẹrù bá ṣe jìnnà síwájú píìnì náà ni agbára lódà ń dín kù.

Bí ẹ bá so ẹrù kílò 500 mọ́ ìkọ́ méjì, tí ṣéènì méjèèjì dúró ṣánṣán, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé 250. Bí wọ́n bá ṣí ẹsẹ̀ títí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi dàgẹ̀ẹ̀rẹ̀, tí kò ga ju dígírì 30 péré lọ sí ìlà tí ó tẹ́ bí ilẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń gbé 500 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù kò yí padà. Ẹ jẹ́ kí ó tó 60 ó kéré tán. Ṣéènì grade 80, ìyẹn irú líle tí a ṣe fún gbígbé ẹrù, tí ó nípọn mílímítà 10 lè gbé tọ́ọ̀nù 3.15 bí ó bá dúró ṣánṣán, nítorí náà ṣéènì kọ́ ni yóò kọ́kọ́ já yín kulẹ̀ bí kì í bá ṣe ayédèrú.

Ẹ má gbàgbé ẹ̀yìn. Lára ọ̀pọ̀ katakata, táyà ẹ̀yìn ni búrẹ́kì ń dì mú. Bí ẹrù iwájú bá mú ẹ̀yìn fúyẹ́, kì í ṣe pé yóò fẹ́ dojú dé nìkan, kò ní dúró mọ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ so ẹrù mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó gbé ti iwájú.

Àgbẹ̀ Alábàtà

Ẹ ṣé púpọ̀. Mo lọ wọn òkúta náà lówùúrọ̀ yìí: ó tó sẹ̀ǹtímítà 75. Èmi tí mo rò pé kílò 300 ni! Ẹ jọ̀wọ́, kò sí ẹni tí ó tíì dáhùn ti bóòtù.

Ìyá Ẹlẹ́gẹ̀ẹ́

Bóòtù ni mo lò, ọdún kẹta rẹ̀ nìyí. Wọ́n lu ihò sí etí bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi irin pẹlẹbẹ sí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó lè há etí náà sáàárín, bóòtù tí wọ́n tẹ 8.8, àmì agbára rẹ̀, sí lórí ni ó sì dè é. Shackle, irin tí a fi píìnì ti ẹnu rẹ̀ pa, ni mo fi sí i dípò ìkọ́ tí ẹnu rẹ̀ ṣí, nítorí pé bí ẹrù bá fara balẹ̀ sílẹ̀, tí ṣéènì sì dẹ̀, kò lè yọ. Iná kò kan irin náà rárá, bí ó bá sì gbó, n óò pààrọ̀ rẹ̀ láìwá wẹ́dà. Wàhálà tí ó wà níbẹ̀ ni pé nọ́ọ̀tì máa ń tú. Àràárọ̀ ni mo máa ń fi sípánà kàn án kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ dákun, ti ọmọ iṣẹ́ yín ni kò jẹ́ kí n sùn. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ di ẹrù tí ó ń rọ̀ mú. Okùn gígùn ni kí ẹ so mọ́ ọn, kí ọmọ náà dúró lọ́ọ̀ọ́kán láti máa fi darí rẹ̀, kí ẹrù má sì ga ju ìwọ̀n orúnkún lọ nígbà tí katakata bá ń rìn.

Wẹ́dà Láfẹ́ńwá

Mo gbà pẹ̀lú mẹkáníìkì lórí channel. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà kọ́kọ́ fi iná kan ìkọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan péré, kí ẹ fi ṣéènì kọ́ ọn, kí ẹ sì yí bọ́kẹ́ẹ̀tì náà wọnú, kí ẹ sì yí i síta tán. Bí ṣéènì bá yọ níbikíbi, tàbí tí ó kan rọ́bà ọ́ìlì, ẹ yí ojú ìkọ́ padà kí ó tó jó o parí.

Àgbẹ̀ Alábàtà

Channel ni n óò lò, ìkọ́ rírọ mẹ́ta, ọjọ́bọ̀ ni wẹ́dà mìíràn ń bọ̀. Mo ti ra okùn mítà mẹ́fà fún ọmọ náà. Òkúta tí ó já yẹn, a ó là á sí méjì kí a tó tún gbé e.