Ọ̀sẹ̀ méjì láìsí kọ́tìnì: kí lẹ fi bo fèrèsé yín nígbà tí ẹ ń kunlé?

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. Mo fẹ́ sọ ọ́ lónìí torí mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ń múra àtikó lọ sílé tuntun.

Nígbà tí a kó dé Àkóbọ̀, àwọn ìbejì mi ò tíì pé oṣù mẹ́rin. Pẹ́ńtà ṣì ń kun pálọ̀ àti yàrá méjèèjì lọ́wọ́. Ó ní ká tú gbogbo kọ́tìnì àti irin tó gbé wọn dúró kí ọ̀dà má baà ta sí wọn. A tú wọn. Iṣẹ́ tó ní ọjọ́ mẹ́ta ni òun máa fi ṣe di ọ̀sẹ̀ méjì, torí òjò ò jẹ́ kí ògiri gbẹ bọ̀rọ̀.

Lọ́sàn-án, ọkàn mi balẹ̀. Tí mo bá dúró níta tí mo wo fèrèsé wa, igi máńgòrò àti ojú ọ̀run ni mò ń rí lára gíláàsì, mi ò rí inú ilé rárá. Mo gbà pé kò sẹ́ni tó ń rí wa. Mi ò mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí a tan iná, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn: àwa tí a wà nínú ilé ò ní rí ìta mọ́, àwọn tó wà nínú òkùnkùn níta á sì máa rí wa kedere. Yàrá yẹn ni mo ti ń wẹ àwọn ọmọ, ibẹ̀ ni mo ti ń fún wọn lọ́mú, ibẹ̀ náà ni mo ti ń pààrọ̀ aṣọ. Ilé alájà kan sì wà lódìkejì títì tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin máa ń jókòó gbatẹ́gùn lókè rẹ̀ ní alaalẹ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹfà, màmá àgbà kan láti ilé yẹn wá kanlẹ̀kùn wa. Wọn ò wọlé. Wọ́n rọra fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní, "Ìyàwó wa, ẹ má bínú o. Ẹ wá nǹkan bo fèrèsé yẹn. Mo ti lé àwọn ọmọ wọ̀nyẹn wọlé, àmọ́ mi ò lè máa ṣọ́ wọn mọ́jú." Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Nígbà tí mo wọlé, mo pa iná, mo sunkún. Tí mo bá rántí títí dòní, àyà mi ṣì ń já. Ọlọ́run á bá mi dá màmá yẹn sí. Ẹlòmíràn ì bá sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹnu ládùúgbò, àwọn bò mí láṣìírí ni.

Lóru ọjọ́ yẹn náà ni ọkọ mi so ìró mi méjì mọ́ irin tí wọ́n fi dí fèrèsé nítorí olè. Ìdajì fèrèsé ò tó fún wa, torí láti òkè ni wọ́n ti ń wò wá, a ní láti bò ó délẹ̀délẹ̀. Bí atẹ́gùn ò ṣe wọlé mọ́ nìyẹn. Òórùn ọ̀dà há sínú yàrá, ojú àwọn ọmọ ń ṣomi, a sì gbé wọn lọ sùn lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi. Ká ní mo mọ̀ ni, yàrá tí à ń sùn ni ǹ bá ní kí pẹ́ńtà kọ́kọ́ kùn, kó parí rẹ̀, ká dá kọ́tìnì ibẹ̀ padà kó tó fọwọ́ kan pálọ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ fi bo tiyín?

Pẹ́ńtà, Òṣogbo

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnira. Ẹ bá wa forí jì í, àwa pẹ́ńtà kì í sábà ronú kan ohun tí onílé máa fojú rí lálẹ́ tí a bá ti kó irinṣẹ́ wa lọ. Èmi náà ti ní kí àìmọye èèyàn tú kọ́tìnì, mi ò sì béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi dípò rẹ̀.

Ẹfun ni mo ń lò báyìí. Mo máa ń lọ̀ ọ́, màá pò ó mọ́ omi títí á fi ki bí ògì, màá wá fi fóòmù pa á mọ́ gíláàsì láti inú ilé. Kò gbọdọ̀ jẹ́ láti ìta, òjò kan péré ló máa fọ̀ ọ́ lọ. Ìmọ́lẹ̀ á máa wọlé, àmọ́ ẹni tó wà níta ò ní rí nǹkan kan. Èyí tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé tí ọ̀dà bá ta sí gíláàsì, orí ẹfun ló máa bà sí, tí ẹ bá sì fi omi nù ún, gbogbo rẹ̀ á jọ lọ. Ẹ má fi kan nẹ́ẹ̀tì o, á dí ojú ihò rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kí ẹ fi ọ̀dà ògiri pa gíláàsì. Abẹ ni wọ́n máa fi ha á kúrò, gíláàsì náà á sì họ.

Ìwé ìròyìn dára fún ọjọ́ kan sí méjì. Tó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀, oòrùn á yan gọ́ọ̀mù téèpù mọ́ gíláàsì. Mo ti fi odindi ọ̀sán kan fi kẹrosíìnì nu irú rẹ̀ rí nílé oníbàárà.

Ará Peckham, London

Ìsàlẹ̀ ilé ni tèmi, fèrèsé ńlá tó yọ síta, ibi tí àwọn èèyàn ti ń dúró de bọ́ọ̀sì sì nìyẹn níwájú rẹ̀ gan-an. Oṣù Kejìlá ni mo kó débẹ̀. Lásìkò yẹn, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ò tíì lù tí oòrùn ti wọ̀, nítorí náà ẹni tó bá tibi iṣẹ́ dé, inú iná ló máa ṣe gbogbo nǹkan. Bébà funfun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri kí wọ́n tó kùn ún ni mo kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Òtútù ìta àti ooru inú ilé pàdé, gíláàsì ń làágùn, bébà rin gbingbin, kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, ó ti hu funfun àti dúdú.

Onílé ò gbà kí n kan ìṣó. Mo wá ra ọ̀pá irin tó ní sípíríǹgì nínú, èyí tó ń fúnra rẹ̀ há sáàárín ògiri méjì. Mo gbé e sí ìdajì fèrèsé, mo fi aṣọ kọ́ ọ. Ní tèmi, ìdajì tó, torí orí ilẹ̀ ni àwọn tó ń kọjá wà, ìdajì òkè tó ṣí sílẹ̀ sì ń jẹ́ kí n rí ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tí ọjọ́ ní. Nígbà tí mò ń kun ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, mo kàn yọ ọ̀pá náà, mo sì dá a padà lálẹ́.

Ọmọ Aládìrẹ, Abẹ́òkúta

Ẹ̀kọ làfún ni màmá mi fi ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ kó tó wọ inú aró, òun náà ni mo fi bo fèrèsé mi. Mo sè é kó ṣàn díẹ̀, mo fi búrọ́ọ̀ṣì pa á mọ́ gíláàsì, mo na aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, mo sì tún pa ẹ̀kọ lé orí aṣọ náà. Nígbà tó gbẹ, ó lẹ̀ pinpin. Oṣù méjì ló lò. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo fi rẹ ẹ́, mo fà á láti ìgun, mo fọ aṣọ náà, mo ṣì ń lò ó. Àmọ́ kí ẹ má dán an wò ní kíṣínì o, aáyán fẹ́ràn ẹ̀kọ.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Pẹ́ńtà, ẹ ṣeun gidi. Kíṣínì ló kù tí a ò tíì kùn, mo sì ra ẹfun lọ́wọ́ lékúléja kan lánàá. Àwọn ìbejì, tí wọ́n ti ń rìn báyìí, fi ọwọ́ funfun wọn kun gbogbo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Lálẹ́, mo tan iná kíṣínì, mo lọ dúró níwájú ilé alájà yẹn, mo wo ilé wa. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ni mo rí. Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n bi mí pé kí ni mò ń wò. Mo nawọ́ sí fèrèsé hàn wọ́n, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ní kí n jókòó.