Kíka iye ojú ìwé kí a tó tẹ̀ ẹ́ jáde: ohun tí sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ ń ṣe, àti ibi tó ti ń ṣini lọ́nà

Bó bá jẹ́ PDF ni, pdfinfo, àṣẹ kan tó wà nínú poppler-utils (àkójọ irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún PDF), ni kí ẹ kọ́kọ́ dì mú. Kò ní ṣí fáìlì yẹn sójú kọ̀ǹpútà rárá kó tó kà á. Fún odindi fódà, ẹ tẹ èyí sínú tẹ́mínà (fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ):

for f in *.pdf; do echo "$f $(pdfinfo "$f" | grep '^Pages:')"; done

Ẹ má yọ àmì tó yí $f ká, nítorí orúkọ fáìlì tó bá ní àlàfo láàárín yóò já sí méjì, kò sì ní rí i. Fáìlì tó bá ní ọ̀rọ̀ aṣínà yóò kọ̀, orúkọ rẹ̀ nìkan ni yóò jáde, àyè iye rẹ̀ yóò sì ṣófo. Ṣíṣófo yẹn kì í ṣe òdo o! Ẹ fi -upw àti ọ̀rọ̀ aṣínà náà kún un. Bí ẹ bá fẹ́ nọ́ńbà nìkan láti rò pọ̀, qpdf --show-npages (qpdf náà jẹ́ irinṣẹ́ PDF) ló rọrùn jù.

Àwọn kan máa ń wá "/Type /Page", àmì ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, nínú fáìlì, wọ́n á wá ka iye ìgbà tó fara hàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́ ńbẹ̀. Láti PDF 1.5, a lè fún àwọn nǹkan wọ̀nyí pọ̀ débi tí irú wíwá bẹ́ẹ̀ kò ní rí wọn. Fáìlì tí wọ́n sì ti tún ṣe lè ṣì gbé ojú ìwé àtijọ́ sínú, kí iye náà wá lé.

—

Ọ̀rọ̀ Word ló le jù. Iye ojú ìwé tó wà nínú docProps/app.xml (fáìlì kékeré kan nínú ìwé Word), èyí tí ExifTool (irinṣẹ́ tó ń ka ìsọfúnni nípa fáìlì) máa ń gbé jáde, kì í ṣe kíkà: ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nígbà tí wọ́n fi fáìlì pamọ́ kẹ́yìn ni. Ẹ fi LibreOffice, sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ tó ń ṣí ìwé Word, sọ ọ́ di PDF ná:

soffice --headless --convert-to pdf *.docx

Ẹ ti LibreOffice tó bá wà ní ṣíṣí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó lè má yí nǹkan kan padà. Ẹ wá fi pdffonts wo fọ́ǹtì tó wọlé. Bí Calibri kò bá sí, Carlito ló ń dípò rẹ̀, ìbú lẹ́tà wọn sì dọ́gba. Bí méjèèjì kò bá sí, fọ́ǹtì mìíràn á wọlé, ìlà á yẹ̀, ojú ìwé á sì lé tàbí kó dín. Ó sàn kí ẹni tó ni ìwé sọ ọ́ di PDF fúnra rẹ̀.

—

Àfikún mi: ojú ìwé yàtọ̀ sí iye bébà. Fáìlì 10 tó ní ojú ìwé 3 lọ́kọ̀ọ̀kan jẹ́ 30, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ níwájú àti lẹ́yìn, bébà 20 ni yóò gbà, kì í ṣe 15, torí fáìlì kọ̀ọ̀kan ń bẹ̀rẹ̀ lórí bébà tuntun. Nítorí náà, ẹ pín ti fáìlì kọ̀ọ̀kan sí méjì, kí ẹ sọ ìdajì tó bá ṣẹ́kù di odidi kan, kí ẹ tó rò ó pọ̀.

Láti mọ ojú ìwé tó ní àwọ̀, ẹ lo Ghostscript (gs), sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ tó ń ka PDF: gs -q -o - -sDEVICE=inkcov ìwé.pdf. Nọ́ńbà mẹ́rin ló ń jáde fún ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún yíǹkì kọ̀ọ̀kan: cyan, magenta, yellow, àti dúdú. Bí mẹ́ta àkọ́kọ́ bá jẹ́ 0.00000, dúdú nìkan ni. Ìwé tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà (scan) lè dà bí aláwọ̀ dúdú lójú wa kí gs sì kà á sí aláwọ̀, nítorí bí wọ́n ṣe fi àwòrán rẹ̀ pamọ́. Irú rẹ̀, ẹ fojú yín wò ó.