Ohun tójú wa rí lórí Camry àgbà: Muscle, Big Daddy àti Accord ẹgbẹ́ wọn

Olùkọ́ kan, Abẹ́òkúta

Ẹ kú ilé o. Èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa ń wá ọkọ̀ tí gbogbo wa lè jókòó sí láìfún ara wa pọ̀, tí búùtù rẹ̀ á sì gba ẹrù bí a bá ń lọ ilé lọ́dún. Corolla ti há jù fún wa. Jíìpù ń mu epo ju agbára wa lọ. Bí a ṣe dorí kọ Camry nìyẹn. Owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni a fẹ́ fi rà á, a ó sì máa san án padà lóṣooṣù, ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ kánjú.

Muscle 2008, ìyẹn orúkọ tí a ń pe Camry ti 2007 sí 2011, ni mo kọ́kọ́ lọ wò. Ó ń dán gbinrin, táyà rẹ̀ tuntun, wọ́n ti fọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́ tónítóní. Mẹkáníìkì tí mo mú dání kò tilẹ̀ wo ara ọkọ̀. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti tan ọkọ̀ yìí kí a tó dé." Ẹni tó ń tà á ní àwọn kàn sún un kúrò nínú oòrùn ni. A ní kò burú, a ó dúró kó tutù. Inú rẹ̀ kò dùn sí i rárá. Nígbà tó tutù, mẹkáníìkì fa géèjì ọ́ìlì yọ: orí ṣóńṣó ọ̀pá náà nìkan ni ọ́ìlì kàn. A wá tan án, èéfín aláwọ̀ búlúù bọ́ lẹ́nu sáílẹ́ńsà, ó ṣú díẹ̀ kó tó pòórá. "Gbogbo Camry ló ń ṣe bẹ́ẹ̀," ni ọlọ́kọ̀ wí. A dúpẹ́, a bá tiwa lọ.

Ṣé lóòótọ́ ni pé gbogbo Camry ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin tó ti lò ó pẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ tiyín.

Mẹkáníìkì kan, Ìbàdàn

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, irọ́ ni ọlọ́kọ̀ yẹn pa, àmọ́ irọ́ tó fara pẹ́ òótọ́ ni. Kì í ṣe gbogbo Camry. Ẹ́ńjìnì kan pàtó ni, ti lítà 2.4 tó wà nínú Muscle ti 2007 sí 2009, tí wọ́n ń pè ní 2AZ-FE. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń mu ọ́ìlì. Ara písítínì, irin tó ń lọ sókè sódò nínú sílíńdà ẹ́ńjìnì, ni ọ̀ràn náà ti wá. Rínǹgì ìsàlẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ha ọ́ìlì kúrò lára ògiri sílíńdà, ní àwọn ihò kéékèèké lẹ́yìn tí ọ́ìlì ń gbà padà sísàlẹ̀. Àwọn ihò yẹn kò tó nǹkan. Bó bá pẹ́, ìdọ̀tí ọ́ìlì tó ti jóná á dí wọn, rínǹgì á lẹ̀ mọ́ ara písítínì, ọ́ìlì á wá máa gòkè lọ jóná pẹ̀lú epo bẹntiróòlù. Toyota fúnra wọn gbà bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà wọ́n fi kún ọdún gàrántì rẹ̀, wọ́n sì ń pààrọ̀ písítínì àti rínǹgì fún ọkọ̀ tó bá ń mu tó nǹkan bíi lítà kan láàárín máìlì 1,200, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 1,900. Gàrántì ọ̀hún ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́.

Ọ̀gá kan wà tí wọ́n wọ́ ọkọ̀ rẹ̀ wá bá mi láti ojú títì Èkó sí Ìbàdàn. Kò fi sáfíìsì ṣeré o, bí ìgbà bá ti tó ló ń pa ọ́ìlì dà. Ṣùgbọ́n láàárín sáfíìsì kan sí èkejì, kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé kó máa fa géèjì wò. Iná pupa tó ní àwòrán agolo ọ́ìlì lórí dáṣíbọ́ọ̀dù ló gbẹ́kẹ̀ lé. Iná yẹn kì í tan nítorí pé ọ́ìlì dínkù. Ó dìgbà tí ipá tó ń ti ọ́ìlì kiri bá lọ sílẹ̀ kó tó tan, nígbà yẹn irin ti ń jẹ irin. Ẹ́ńjìnì náà ti nọ́ọ̀kì kó tó páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ó dùn mí gan-an, torí ọkọ̀ náà mọ́, bí wọ́n bá ń bu ọ́ìlì kún un lásán ni, ì bá ṣì máa sáré dòní.

Ọ̀nà tí mo ń gbà yẹ̀ ẹ́ wò rèé. Mo máa ń bẹ ọlọ́kọ̀ kó má tan án láti àárọ̀. Mo ń fa géèjì kí n tó ṣe ohunkóhun. Mo ń fi ẹnì kan sẹ́yìn, kó dúró ti sáílẹ́ńsà nígbà tí mo bá tan án. Lẹ́yìn tí a bá ti wà á gbóná, mo ń jẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láìtẹ ẹ, n ó wá ṣàdédé tẹ ẹ́. Bí èéfín búlúù bá jáde, ọ́ìlì ló ń jó. Funfun tí kò dáwọ́ dúró, omi ni. Dúdú, epo ló pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà ni n ó tú pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tí orí rẹ̀ bá ní èèpá dúdú tó tutù, sílíńdà rẹ̀ ló ń mu. Ẹni tó bá kọ̀ kí wọ́n tú pọ́lọ́ọ̀gì ọkọ̀ tó fẹ́ tà, kò fẹ́ tà á fún mi.

N kò sọ pé kéèyàn má ra 2007 sí 2009 láé. Bí wọ́n bá ti fi písítínì tuntun tí wọ́n tún ṣe sí i, tí ẹni tó ṣe é sì wà tí a lè bi, ọkọ̀ dáadáa ni.

Ní ti Big Daddy, ìyẹn Camry ti 2002 sí 2006, tòun yàtọ̀. 2.4 ló wà nínú òun náà, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ mu ọ́ìlì, àmọ́ àwọn bóòtì tó de sílíńdà hẹ́ẹ̀dì, ìyẹn orí ẹ́ńjìnì, mọ́lẹ̀ máa ń fa ojú ìdè wọn já nínú búlọ́ọ̀kù, ìyẹn ara ẹ́ńjìnì, torí alumíníọ̀mù ni, àgàgà àwọn tó wà lẹ́yìn. Omi redíétọ̀ á máa jò síbi tí ojú kì í tètè dé, ọkọ̀ á máa gbóná. Wọ́n á ní tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín méjèèjì ló bàjẹ́, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀, torí ohun tó yẹ kó dì í mú kò dì í mọ́. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ẹ tàn án sẹ́yìn ẹ́ńjìnì níhà ògiri inú ọkọ̀. Bí ẹ bá rí àbàwọ́n omi gbígbẹ níbẹ̀, ẹ béèrè dáadáa. Ó ṣeé tún ṣe: wọ́n á lu ihò náà tóbi, wọ́n á fi irin tó ní ojú ìdè tirẹ̀ sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kò pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe iṣẹ́ olówó kékeré.

Èyí tí èmi máa ń yàn fún ará ilé mi ni Muscle 2010 tàbí 2011. Ẹ́ńjìnì 2.5 tuntun, 2AR-FE, ni wọ́n gbé sí i. Owó rẹ̀ ga ju ti ìṣáájú lọ, mo mọ̀, síbẹ̀ mo ti rí iye táwọn èèyàn ń ná lórí rínǹgì.

Ìyá kan, Ìkòròdú

Ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ, ẹ̀yin ará. Tèmi kọ́ ni ọ́ìlì. Omi ni.

Wọ́n ní tòkunbọ̀ ni ọkọ̀ tí mo rà, ìjókòó aláwọ, inú rẹ̀ ń ta sánsán. Òórùn lọ́fínńdà yẹn ì bá ti ta àwọn mìíràn lólobó, àmọ́ ta ni kì í fẹ́ kí ọkọ̀ òun máa ta sánsán? Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ ni gíláàsì ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bó ti wù ú, iná inú á tan á kú, ọkọ̀ á kọ̀ láti kíìkì láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn ọmọ ní ìdánwò. Réwáyà kan pààrọ̀ bréènì bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀, owó ńlá lọ, kò yí padà. Réwáyà kejì, ọmọkùnrin kékeré kan tó ní sùúrù, ló tú ìjókòó iwájú, tó ká kápẹ́ẹ̀tì sókè. Ẹrẹ̀ gbígbẹ ló wà lábẹ́ rẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Ìpẹta ti mú gbogbo irin tí ìjókòó ń gùn lọ gùn bọ̀. Ó ní kí n fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé òpin: apá òkè mọ́, apá tó ń ká sínú ní ìlà ẹrẹ̀ tó fi ibi tí omi dé hàn. Wáyà inú ọkọ̀ náà ti ń jẹra láti inú.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fa gbogbo bẹ́líìtì ìjókòó dé òpin. Ẹ gbé táyà ẹ́sítírà jáde nínú búùtù, kí ẹ wo ihò tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ wo orí àwọn bóòtì ìjókòó bóyá wọ́n ti pọ́n. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kò gba mẹkáníìkì, ojú lásán ti tó.

Nǹkan kékeré mìíràn: dáṣíbọ́ọ̀dù Muscle máa ń rọ̀ lójú oòrùn, á máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, á sì máa dán sójú gíláàsì iwájú débi pé ojú kì í ríran dáadáa. Kò ba ìrìn jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ lè fi bẹ owó wálẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Houston

Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an. Mo mọ ibi tí irú ọkọ̀ yẹn ti ń wá, torí ojú mi ló ṣe. Nígbà tí ìjì Harvey kọlù wá ní Houston ní August 2017, ọkọ̀ tó rì sómi kò lóǹkà. Àwọn iléeṣẹ́ ìbánigbófò sanwó fún oníǹkan, wọ́n wá kó ọkọ̀ náà lọ síbi tí wọ́n ti ń fi gbàǹjo ta ọkọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé omi ti wọ̀ ọ́. Ẹni tó rà á mọ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ ẹni yẹn lẹ́yìn tó bá ti sọdá òkun ló ń mọ̀.

Àmọ́ VIN, nọ́ńbà tí iléeṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ fún un, kì í gbàgbé. VIN ní àmì 17, ẹ ó rí i nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú lápá awakọ̀, ẹ ó tún rí i lára bébà tó lẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. Méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Àmì kẹwàá ló ń sọ ọdún: 7 ni 2007, 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011. Bí wọ́n bá pè é ní 2010 fún yín, tí ẹ sì rí 9 níbẹ̀, ẹ́ńjìnì 2.4 tí ọ̀gá mẹkáníìkì sọ ni wọ́n fẹ́ tà fún yín lówó 2.5. Ẹ tẹ VIN náà sórí VINCheck, ojú ewé NICB, ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti olè àti jìbìtì ìbánigbófò ní Amẹ́ríkà, ọ̀fẹ́ ni. Á sọ bóyá iléeṣẹ́ ìbánigbófò kan ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí ọkọ̀ tó bàjẹ́ kọjá àtúnṣe tàbí èyí tí wọ́n jí. Bí owó bá wà, ẹ ra ìtàn rẹ̀ lórí Carfax. Mo ti bá àbúrò mi ní Ìjẹ̀bú-Òde ṣe é fún ọkọ̀ tó fẹ́ rà. Èyí tí wọ́n pè ní "kò tíì ní jàǹbá kankan" ti fara gbá níwájú àti lẹ́yìn.

Ẹni tó bá ń wo Honda Accord, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Airbag, àpò afẹ́fẹ́ tó ń bú jáde nígbà ìjàǹbá, tí iléeṣẹ́ Takata ṣe wà nínú ọ̀pọ̀ Accord láti 2001 dé 2007, èyí tí a ń pè ní End of Discussion nílé wà nínú wọn. Ẹ̀tù tó ń fẹ́ ẹ máa ń bàjẹ́ bí ooru àti ọ̀rinrin bá bá a fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tí ó bá wá bú, irin tó dì í mọ́ lè fọ́ wẹ́wẹ́ kó ta lu awakọ̀. Ó ti pa èèyàn. Ooru àti ọ̀rinrin ilé wa ńkọ́? Ẹ tẹ VIN sórí ojú ewé NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ọkọ̀, ọ̀fẹ́ ni òun náà, á sọ bóyá wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ kó tó kúrò níbí. Bí wọn kò bá tíì pààrọ̀ rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e.

Awakọ̀ kan, Ìlọrin

Mo ń fi Big Daddy 2005 gbé èrò. Ẹ̀yin àgbà ti sọ ti ẹ́ńjìnì, gíà ló kù. Bí ẹ bá ń dán an wò, ẹ wà á títí á fi gbóná kí ẹ tó dájọ́, torí gíà tó ti ń kú máa ń ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan nígbà tó bá tutù. Ẹ gbé e láti R sí D, ẹ fetí sí bóyá ó fò. Ẹ gun òkè. Ẹ tan éésì sílẹ̀ nínú gosiló, kí ẹ máa wo géèjì ooru. Ọ́ìlì gíà Big Daddy ni T-IV, ti Muscle ni WS. Ẹni tó bá da ọ̀kan dípò èkejì, ó ń wá wàhálà.

V6, ẹ́ńjìnì onísílíńdà mẹ́fà, dùn ún wà, mi ò ní purọ́. Láti May 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ni mi ò ti gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn rẹ̀ mọ́. V6 Big Daddy tún ń lo bẹ́líìtì táímìnì tó yẹ kéèyàn máa pààrọ̀, 2.4 ń lo ṣéènì.

Oníṣòwò kan, Ìdìròkò

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìwé kún un, torí ojú ọ̀nà wa níbí ni wọ́n ti ń gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ọmọ èèyàn. Láti January 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó mọ́tò gba bodè orí ilẹ̀ wọlé. Síbẹ̀ àwọn kan ń gbé e láti Cotonou gba ọ̀nà igbó, wọ́n á wá tà á dín owó. Ìbátan mi kan ra Muscle bẹ́ẹ̀. Ó dùn mọ́ ọn nínú pé owó rẹ̀ dín, títí àwọn kọ́sítọ̀ọ̀mù fi dá a dúró tí wọ́n béèrè ìwé. Ìwé tí ẹni tó tà á fún un fún un, ti ọkọ̀ mìíràn ni. Wọ́n gbé ọkọ̀ náà lọ, fóònù ẹni tó tà á kò lọ mọ́.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ gba ìwé kọ́sítọ̀ọ̀mù rẹ̀ wò, kí ẹ fi nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀ wé VIN tí ará Houston sọ, àmì kan tẹ̀lé òmíràn. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ti lò nílé, ẹ ní kí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé wá fúnra rẹ̀, kó buwọ́ lù ú níwájú yín. Bí wọ́n bá ní ó ti rìnrìn àjò, ẹ dúró dè é kó dé.