Orí kékeré, ẹ̀yìn bí iké: grouper wo nìyí?

Awẹ̀jinlẹ̀:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ gbà mí, ẹja kan kò jẹ́ kí n sùn, ọ̀kan lára àwọn ẹja òkun tí wọ́n ń pè ní grouper. Òkìtì iyùn Great Barrier Reef ní Australia ni mo ti rí i, ní nǹkan bíi mítà 15 sísàlẹ̀, lábẹ́ iyùn kan tó yọ jáde bí àtíbàbà. Kò gùn ju ìgúnpá mi dé orí ìka lọ. Ara rẹ̀ funfun bí eérú, àmì dúdú róbótóróbótó sì bò ó títí dé lẹ́bẹ́ àti ìrù. Orí rẹ̀ ló yà mí lẹ́nu jù: ó kéré, ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, àfi bí orí ẹja mìíràn. Láti ẹ̀yìn ojú ni ara rẹ̀ ti ga sókè lójijì. Kò sá fún mi. Ó ń fi lẹ́bẹ́ ẹ̀gbẹ́ fẹ́ omi jẹ́jẹ́, ó ń wò mí. Fọ́tò mi ṣú díẹ̀. Ṣé Epinephelus tukula, irú grouper ńlá kan, ni?

Ọmọ Etíkun:
Àmì tukula máa ń tóbi, ó sì máa ń jìnnà síra. Ẹja tó ń gùn tó mítà 2 nìyẹn. Mi ò rò pé òun ni.

Ìyá Ẹlẹ́ja:
Ẹ gbàgbé àmì ná, orí ni kí ẹ wò. Cromileptes altivelis lẹ rí, ẹ kú oríire! Kò ní ìbátan kankan nínú ẹ̀yà Cromileptes, òun nìkan ṣoṣo ni. Ní 1828 ni Valenciennes, onímọ̀ ẹranko ará Faransé, ṣàpèjúwe rẹ̀. “Ìgbòkun gíga” ni altivelis, nítorí lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Kì í ju 70 sẹ̀ntímítà lọ. Nígbà tó bá kéré, àmì rẹ̀ kì í pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń tóbi. Bó ṣe ń dàgbà ni wọ́n ń pọ̀ tí wọ́n sì ń kéré. Ẹ ka ẹ̀gún líle tó wà níwájú lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn: 10 ni tirẹ̀, 11 ni ti ọ̀pọ̀ Epinephelus.

Abo ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ayé, ẹ̀yìn ìgbà náà ni àwọn kan ń di akọ. Ó ń dùn mí gan-an bí àwọn apẹja ṣe ń ṣa àwọn ńlá kó, torí láàárín àwọn ńlá yẹn ni akọ wà. Ní Queensland, ìpínlẹ̀ Australia tí òkìtì iyùn yẹn wà, òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti pa á.

Awẹ̀jinlẹ̀:
Ẹ ṣeun, mà. Mo ti fẹ fọ́tò náà. Ẹ̀gún 8 ni mo rí kà, òjìji iyùn bo ìyókù. Ṣùgbọ́n orí yẹn kò ṣeé ṣì mú mọ́. Mo ti pa “tukula” rẹ́ nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi.